Kóńdẹ́m ọ́ìlì kọ́ loògùn ajá tó ń họra

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mi ò kì í kọ lẹ́tà sí oníròyìn, ìyàwó mi máa ń sọ pé orí àga ni gbogbo ariwo mi máa ń parí sí, àmọ́ lẹ́tà kan tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ò jẹ́ kí n sùn. Bàbá kan ló kọ ọ́, ó ní ajá òun ń họra, irun ẹ̀ ń re, òun wá lọ gba kóńdẹ́m ọ́ìlì, ìyẹn ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti lò tán, lọ́wọ́ mẹkáníìkì, òun pò ó mọ́ ìmí ọjọ́, òun fi kùn ún látorí dé ìrù, ó sì san, kí gbogbo ẹni tó bá ní ajá tó ń họra lọ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ò wá kọ nǹkan kan sísàlẹ̀ ẹ̀ pé káwọn èèyàn ṣọ́ra, ẹ kàn gbé e síta bẹ́ẹ̀.

Mi ò fẹ́ bú bàbá yẹn o. Èmi náà ti ṣe é rí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó ti fóònù yìí láti àárọ̀.

Ajá mi ń jẹ́ Ìfura. Ìfura-loògùn-àgbà lorúkọ tí mo sọ ọ́ gan-an, torí aládùúgbò kan tí ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀ ò wọ̀ nígbà yẹn, ẹ̀yin náà ṣáà mọ bá a ṣe máa ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ síra wa, àmọ́ àwọn ọmọ mi gé e kúrú sí Fúrà, bíi fúrà táwọn Fúlàní ń tà pẹ̀lú nùnù, ìyẹn náà ló sì wá ń jẹ́. Bàbá ẹ̀ jẹ́ Jámánì ṣẹ́pọ́ọ̀dù, ìyá ẹ̀ jẹ́ èkùkè, etí ẹ̀ kan dúró, ìkejì wó.

Ó ti lé lọ́mọ ọdún kan ààbọ̀ kí wàhálà yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lá. Lóru tí iná bá ti lọ tí gbogbo ilé bá dákẹ́, pà pà pà lẹ máa gbọ́ lábẹ́ fèrèsé, á máa lá àtẹ́lẹsẹ̀ bíi pé wọ́n da oyin sí i. Mo rò pé eré ni. Irun funfun tó wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ wá pọ́n, ó pọ́n bí irin tó ti dógùn-ún, mo ní iyẹ̀pẹ̀ pupa Àkóbọ̀ wa níbí ni, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó sọ fún mi pé itọ́ ẹ̀ ló pa á láró, pé bẹ́ ẹ bá rí ajá aláwọ̀ funfun tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń pọ́n, ẹ yáa mọ̀ pé ó ti ń lá a tipẹ́. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ ló kan etí. Á máa gbọn orí bí ẹni tí omi kó sí létí, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn etí náà ń rùn bí ògì tó ti kan kọjá bó ṣe yẹ. Mo fọ̀ ọ́, ó san, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ó tún padà, mo tún fọ̀ ọ́, ó tún padà. Ó wá kan abíyá àti abẹ́ ikùn, ibẹ̀ pọ́n, ó ń fi í gbo ògiri, irun re, awọ ibẹ̀ dúdú ó sì nípọn bí awọ bàtà. Gbogbo èyí ò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan o, ó tó oṣù márùn-ún.

Ládùúgbò wa, ajá tó bá ń họra, kúrúnà ni. Kò sí orúkọ mìíràn. Lanlọ́ọ̀dù ní kí n gbé e kúrò kó má lọ kó o ran àwọn ọmọ, ìyá tó ń ta búrẹ́dì lójúde wa ní ajá náà ti ṣẹ èèyàn, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní mo ń jẹ́ kó jẹ ìjẹkújẹ. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ẹran ló wá gún un ní abẹ́rẹ́ ivermectin, oògùn tó ń pa kòkòrò kúrúnà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gún un, kò bi mí ní nǹkan kan, kò wọn ajá náà, ojú ló fi díwọ̀n. Ọpẹ́ ni pé Fúrà kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí oògùn yẹn máa ń ṣe léṣe, torí àwọn ajá bíi Collie, ajá darandaran àwọn òyìnbó, tí ìwọ̀n oògùn náà bá pọ̀ díẹ̀ fún wọn, ó lè ká wọn mọ́lẹ̀ pátápátá. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta, owó mẹ́ta, ajá ṣì ń họra.

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣe ohun tí bàbá yẹn ṣe. Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn mú. Mo gba ọ́ìlì gálọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó wà nítòsí, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, inú mi dùn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún bí ẹni ń kun gééètì. Ajá tó ti ń lá ara ẹ̀ látàárọ̀, kí lẹ rò pé ó máa fi ọ́ìlì yẹn ṣe? Ó lá a. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ itọ́ ti ń dà lẹ́nu ẹ̀, ó ń bì nǹkan dúdú, ara ẹ̀ ń gbọ̀n, lọ́jọ́ kejì ẹ̀yìn ẹ̀ ti bó níbi tí oòrùn ti pa á. Ọmọ mi obìnrin ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ Ajé yẹn la gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo ti gbé Ìbàdàn ju ọgbọ̀n ọdún lọ, mi ò mọ̀ pé wọ́n ń gba ajá aráàlú níbẹ̀, mo rò pé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni. (Àwọn ará Abẹ́òkúta náà ní irú ẹ̀ ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ má ní mi ò sọ fún yín.) Dókítà tó gbà wá, ọmọbìnrin kékeré kan, mo ti lè bí i, ó wo ajá, ó wò mí, ó ní “Dádì, kí lẹ fi pa á lára?” Mo ní ọ́ìlì. Kò bú mi. Ó ṣáà dákẹ́ díẹ̀, ìyẹn gan-an burú ju èébú lọ. Wọ́n fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ́ìlì náà tó kúrò, wọ́n fà á ní omi, ó sùn síbẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò tán, ó ti kó ẹ̀gbin irin àti oríṣiríṣi nǹkan tó jóná sínú, ajá ń lá a sínú ikùn, awọ náà ń fà á wọlé, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló máa jìyà ẹ̀. Mo ní ṣebí ó ń ṣiṣẹ́ fáwọn kan. Ó ní ó lè jọ pé ó ṣiṣẹ́, torí kúrúnà kan wà tó máa ń mú ọmọ ajá tó jẹ́ pé ó máa ń lọ fúnra ẹ̀ bí ajá náà bá ṣe ń dàgbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọjọ́ tó fẹ́ lọ gan-an lẹ̀yin kùn ún ní ọ́ìlì, ọ́ìlì wá gba ògo. Ìmí ọjọ́ ní tiẹ̀, ó ní irọ́ kọ́, wọ́n ń fi í ṣe oògùn kúrúnà gidi látijọ́, àmọ́ èyí tí wọ́n pò bó ṣe yẹ ni, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ bù sínú ọ́ìlì.

Ó fi bíléèdì họ ara Fúrà díẹ̀díẹ̀ níbi mẹ́rin, ó gbé e sábẹ́ máíkíróskóòpù. Kò sí kòkòrò kúrúnà kankan. Ó ní ìyẹn nìkan ò tó láti fọkàn balẹ̀ torí kòkòrò kúrúnà kan wà tó máa ń sá pamọ́ tí bíléèdì kì í rí, ó wá bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nílé ń họra, bóyá bèbè etí ajá náà àti ìgúnpá ẹ̀ ló kọ́kọ́ bó. Mo ní rárá, ẹsẹ̀, etí inú lọ́hùn-ún, abíyá, ikùn. Ó mi orí. Ó ní “Dádì, ó dà bíi pé álẹ́jì ni.”

Ká má parọ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Álẹ́jì tí mo mọ̀, tàwọn ọmọ olówó ni, àwọn tó bá jẹ edé tí ètè wọn á wú. Ajá èkùkè ní álẹ́jì? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ohun tí kò ṣe ajá ẹlòmíì ní nǹkan kan, ara tiẹ̀ rí i bí ọ̀tá, ó gbógun tì í, àwọ̀ ẹ̀ sì ni pápá ogun. Ó ní tèèyàn máa ń jáde ní imú, ká máa sín, kójú máa ṣomi, ti ajá, ara ló ti máa ń jáde, yíyún ni. Àwọn kòkòrò àìrí tó ti ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ lára ajá tẹ́lẹ̀ á wá rí àyè lórí awọ tó ti bó, àwọn ló ń mú etí rùn, a sì máa ń bá òórùn jà, a ò bá ohun tó fà á jà. Ìdí tí etí fi ń padà nìyẹn!

Ohun tó lè fà á pọ̀, àmọ́ ó ní òun ò ní fi ojú díwọ̀n, a máa lé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ mú kóòmù eléyín wẹ́wẹ́, ó fi ya ìdí ìrù ajá náà, ó gbọn ohun tó jáde sórí tíṣù funfun, ó kán omi sí i. Àwọn dúdú wẹ́wẹ́ bí ata gígún tó wà níbẹ̀ bá di pupa. Ìgbẹ́ yọ̀rọ̀ nìyẹn, kòkòrò pẹlẹbẹ tó máa ń fò yẹn, ẹ̀jẹ̀ ajá ló mu tó sì yà síbẹ̀. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé ajá mi ò ní eégbọn kankan lára! Ó ní eégbọn lọ̀tọ̀, yọ̀rọ̀ lọ̀tọ̀, ajá tí itọ́ yọ̀rọ̀ kò bá bá lára mu, ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá bù ú jẹ ti tó láti fi í họra fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ lè má sì rí yọ̀rọ̀ kankan lójú yín torí inú ilẹ̀, abẹ́ rọ́ọ̀gì àti ihò ògiri lẹyin àti ọmọ wọn máa ń wà. Ibi tí tiwọn máa ń mú jù ni ìdí ìrù àti ẹ̀yìn itan. A bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tí wọ́n ń kán sí ọrùn lóṣooṣù, ti ajá fún Fúrà, ti ológbò fún ológbò aládùúgbò mi (aládùúgbò tí mo torí ẹ̀ sọ ajá lórúkọ yẹn o, ọ̀rọ̀ ajá yìí ló parí ìjà wa), torí tẹ́ ẹ bá tọ́jú ọ̀kan tẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀, iṣẹ́ àṣedànù ni. Lẹ́yìn oṣù méjì ìdí ìrù ẹ̀ ti kún fún irun padà. Ẹsẹ̀ àti etí ńkọ́? Bí wọ́n ṣe wà ni wọ́n wà.

Ó wá ku oúnjẹ. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti máa ń já sí kòtò.

Mo rò pé tí wọ́n bá ní oúnjẹ ló fà á, ìrẹsì ni, tàbí kí n pààrọ̀ dọ́ọ̀gì fúùdù sí èyí tó wọ́n jù. Dókítà náà fi ìwé kan hàn mí, àwọn onímọ̀ ló kó àkọsílẹ̀ ajá 297 jọ lọ́dún 2016, àwọn ajá tí wọ́n ti rí i dájú pé oúnjẹ ni kò bá wọn lára mu, ẹran màlúù ló ń da 34% nínú wọn láàmú, wàrà 17%, adìyẹ 15%, àlìkámà 13%. Màlúù ló ṣáájú! Ohun tí Fúrà ti ń jẹ láti kékeré nìyẹn, torí náà kì í ṣe oúnjẹ tuntun ni ara máa ń kọ̀, èyí tó ti ń jẹ bọ̀ náà ni. Mo ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ká lè mọ̀ ọ́n kíá, ó ní ti oúnjẹ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í sọ òótọ́ tó ṣe é gbára lé, ọ̀nà kan tó wà ni kẹ́ ẹ fún un ní ẹran kan àti oúnjẹ afúnnilókun kan tí kò jẹ rí láyé ẹ̀, méjì péré, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan nǹkan mìíràn. Mo ní ó dáa, ẹran ewúrẹ́. Ó ní ewúrẹ́ àti màlúù ti bára tan jù, ara tó kọ ọ̀kan lè kọ ìkejì. A wá fẹnu kò sí ehoro àti ọ̀dùnkún. Ehoro! Ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń ta ehoro kẹ́ ẹ tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyàwó mi ní ajá ń jẹ ehoro, òun ń jẹ ẹja kòtẹ́ kíkà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ò kéré, àmọ́ kò ṣe é gé kúrú, ìwádìí tọdún 2015 kan fi hàn pé nínú àwọn ajá tó jẹ́ pé oúnjẹ ló ń dà wọ́n láàmú lóòótọ́, 80% ló ti máa ń sàn tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹjọ ó ti lé ní 90%. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ kejì tó ní kò ṣiṣẹ́, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Èmi àti ìyàwó mi àtàwọn ọmọ, kò sí wàhálà. Wàhálà wà lọ́dọ̀ Màámi. Màámi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé, Fúrà sì ni ọ̀rẹ́ wọn, inú àwo tiwọn gan-an ni wọ́n ti máa ń mú ẹran fún un. Mo sọ fún wọn pé dókítà ní ajá yìí ní álẹ́jì. Wọ́n ní “Àlejò wo ló ní?” Mo ní kì í ṣe àlejò, álẹ́jì. Wọ́n ní ó dáa, àlejò náà á lọ tó bá yá. Lọ́sẹ̀ kẹta tí ẹsẹ̀ ajá náà ti ń funfun díẹ̀díẹ̀, ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ lílá ní àárín òru, pà pà pà, mo mọ̀ pé ó ti tán. Ọmọ mi ọkùnrin ló tú àṣírí, ó ní Màámi àgbà ń fún un ní pọ̀nmọ́. Mo lọ bá wọn. Wọ́n ní àwọn ò fún un lẹ́ran o, ṣé pọ̀nmọ́ náà ni mò ń pè lẹ́ran?

Ẹ bá mi dá sí i. Mo mọ̀ pé nílẹ̀ wa pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹran, kò sí ẹni tó máa fi pọ̀nmọ́ nìkan gbé oúnjẹ fún àna ẹ̀, àmọ́ ara ajá ò mọ ìyẹn, awọ màlúù ni, màlúù ni. Egungun náà bẹ́ẹ̀. Omi ọbẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Kódà dókítà ní àwọn oògùn eégbọn oníjíjẹ kan wà tí wọ́n ti fi adùn ẹran sí, ìdí tóun fi yan èyí tí wọ́n ń kán sọ́rùn nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọmi, a padà sí òdo.

Ìkejì náà ìbá wọmi bẹ́ẹ̀, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan tí Màámi ti gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú ẹran lọ́wọ́, tí Fúrà ti jókòó tó ń wo ọwọ́ wọn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí mi lẹ́nu tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Mo ní “Màámi, èèwọ̀ ẹ̀ ni.”

Wọ́n gbé ọwọ́ wálẹ̀. Wọ́n ní “Èèwọ̀ ta ni?” Mo ní èèwọ̀ ajá yìí ni màlúù, tó bá ti jẹ ẹ́ ara ẹ̀ á máa bó. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní “Kí ló dé tó ò tètè sọ?” Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn nípa agbo ilé bàbá wọn, pé wọn kì í jẹ òkété níbẹ̀, pé ìyàwó ilé kan jẹ ẹ́ láìmọ̀, ara ẹ̀ wú títí ojú ò fi ríran, odindi ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, Màámi ló ń ṣọ́ oúnjẹ Fúrà, kò sẹ́ni tó lè fún un ní nǹkan kan, ọmọdé tó bá gbé mítípáì kọjá, wọ́n á pariwo látinú yàrá. Mo sọ fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fáwọn ìyá tó bá ń gbé ajá wá. Álẹ́jì, a ò gbọ́ ọ yé, àmọ́ èèwọ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Ohun táwọn èèyàn ń jẹ tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan, tí ìwọ bá jẹ ẹ́ tí ara ẹ fi wú. Mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ má bínú sí mi, èmi ń sọ ohun tó ṣiṣẹ́ nílé mi ni.

Tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, irun ẹsẹ̀ ẹ̀ ti funfun, etí ò rùn, a ń sùn lóru. Mo rò pé ó parí nìyẹn, dókítà ní ó kù kan, kí n fún un ní màlúù padà. Mi ò fẹ́! Ta ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ tún un ṣe? Ó ní tí n kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ n kò lè mọ̀ bóyá oúnjẹ ni tàbí oògùn yọ̀rọ̀ tàbí ojú ọjọ́ tó yí padà, ọjọ́ ayé ẹ̀ ni n óò sì máa ra ehoro. Ọ̀rọ̀ ehoro yẹn ló yí mi lérò padà jàre. Mo fún un, Màámi ò bá mi dá sí i, wọ́n wọ yàrá lọ. Lọ́jọ́ kẹta, pà pà pà. A dá a dúró, ó sàn, a gbìyànjú adìyẹ nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí nǹkan kan, ẹyin náà, kò sí nǹkan kan. Ó ti kúrò lórí ehoro, adìyẹ àti ìrẹsì ló ń jẹ báyìí, owó wa sinmi.

Ṣé ó san pátápátá? Rárá o. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí ilé ń bu, ó tún ń lá ẹsẹ̀ díẹ̀. Dókítà ní èyí ò jọ òun lójú, ajá kan lè ní méjì pọ̀, ti oúnjẹ àti ti inú afẹ́fẹ́, ìyẹn kòkòrò inú eruku tí ojú ò lè rí, tó máa ń gbé inú fóòmù àti rọ́ọ̀gì tó sì fẹ́ràn ibi tó bá tutù, nǹkan tó ń hù lára ògiri tó bá bu, àti ìyẹ̀fun òdòdó koríko. Irú èyí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta, kò ní ìwòsàn tí á fi lọ ráúráú, títọ́jú ni. A sọ fóòmù ògbólógbòó tó ń sùn lé nù, a tẹ́ pákó àti aṣọ, omi gbígbóná la fi ń fọ aṣọ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ti ìta wọlé a máa ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ ẹ̀. A ń fi ṣampú oníchlorhexidine, oògùn tó ń pa kòkòrò àìrí, wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó wà lára ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó ṣàn án, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yára jù. Tó bá le gan-an wọ́n á kọ prednisolone, oògùn tó ń mú kí yíyún rọlẹ̀, fún ọjọ́ díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ bí idán, àmọ́ ajá á máa mumi bí ràkúnmí á máa tọ̀ káàkiri, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ṣe oúnjẹ tàbí kẹ́ ẹ já a lójijì tó bá ti pẹ́ lórí ẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ní Apoquel lajá tòun ń lò, oògùn yíyún ajá, oògùn gidi ni wọ́n ní, àmọ́ wọn kì í fún ajá tí kò tíì pé ọdún kan, owó ẹ̀ kì í sì í ṣe owó tí mo lè gbọ́.

Àbúrò yìí kan náà ló fẹ́ ra àyẹ̀wò kan ránṣẹ́ sí mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé kí n gé irun ajá kí n nu itọ́ ẹ̀, wọ́n á sọ gbogbo ohun tí kò bá a lára mu. Dókítà ní kí n fi owó yẹn ra adìyẹ. Ó ní àwọn dókítà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà ti dán irú ẹ̀ wò, wọ́n fi irun ajá ìṣeré ọmọdé àti omi iyọ̀ ránṣẹ́, èsì padà dé pé ajá ìṣeré náà ní álẹ́jì.

Àwọn nǹkan díẹ̀ tí mi ò lè má sọ. Ẹ má ju oògùn èèyàn sí ajá lẹ́nu, ibuprofen lè ba ikùn àti kíndìnrín ẹ̀ jẹ́, oògùn kátà tí wọ́n pò mọ́ oríṣi mìíràn lè yí i lórí. Àwọn oògùn ìfọṣalángá tó máa ń funfun nínú omi yẹn, ẹ má fi wẹ ajá. Ááyù àti àlùbọ́sà tí wọ́n ní ó ń lé eégbọn, ẹ̀jẹ̀ ajá ló ń bà jẹ́. Ẹ má ti kọ́tìn bọ́dì bọ inú etí ẹ̀, ẹ má sì kán nǹkan kan sí i kí dókítà tó wo bóyá ìlù etí ti ya. Èyí tí kò sì lè dúró di ọ̀la: tí oyin bá ta ajá tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́, tí ojú ẹ̀ wá wú, tó ń bì, tí eegun ẹ̀ rọ̀, tí inú ẹnu ẹ̀ ń funfun, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má wọ ilé lọ wá ọ́ìlì.

Ní ti bàbá tó kọ lẹ́tà, ó lè jẹ́ kúrúnà gidi ló mú ajá tiẹ̀, mi ò sí níbẹ̀. Tó bá ṣì ń họra, kó wo ibi tó ti ń họ: ẹsẹ̀, etí, abíyá ni, àbí ìdí ìrù, àbí bèbè etí àti ìgúnpá tí àwọn ará ilé náà sì ń họra? Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó kọ oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti gbogbo ohun tí ajá ń jẹ, pọ̀nmọ́ náà pẹ̀lú, kó gbé e lọ bá dókítà. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìwé kan náà tẹ́ ẹ gbé ọ́ìlì yẹn sí ni kẹ́ ẹ gbé èyí sí, kì í ṣe ẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn ìkéde òkú, kẹ́ ẹ sì wá dókítà ẹranko kan tí á máa dá àwọn òǹkàwé lóhùn lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Fúrà (orúkọ tí wọ́n ń pè mí ládùúgbò nìyẹn báyìí),
Àkóbọ̀, Ìbàdàn.

Mo fẹ́ gbàgbé: ẹni tó bá ti fi ọ́ìlì kun ajá ẹ̀ látàrí lẹ́tà yẹn, ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kó fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe kẹrosíìnì, kó so nǹkan mọ́ ọn lọ́rùn kó má lè lá a, kó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Èmi dúró di ọjọ́ Ajé. Ẹ má dúró.